Ẹ Gbé Gíláàsì Sílẹ̀ Ná, Ẹ Sọ̀rọ̀ Àwọn Arákùnrin Ìyá Ọmọ fún Mi

Ọ̀rọ̀ àwọn òbí tó ń kó gíláàsì jọ sínú báàgì ti sú mi. Ọmọkùnrin ọlọ́dún méje kò rí ojú pátákó. Wọ́n ra gíláàsì, kò rí i. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kò rí i síbẹ̀. Ẹnì kan ní ojú rẹ̀ kan ló ń ṣọ̀lẹ, wọ́n bá fi aṣọ dí èkejì fún oṣù mélòó kan. Olùkọ́ ní olódo ni. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni wọ́n tó gbé e wá sọ́dọ̀ èmi dókítà ojú, tí wọ́n sì ní kí n wá kọ gíláàsì tó lágbára sí i.

Gíláàsì kì í tún ẹ̀yìn ojú ṣe. Ohun tó ń ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn ni retinoschisis. Jíìnì, ìyẹn ìlànà inú ara tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí, kan wà tó ń jẹ́ RS1, òun ló ń ṣe purotéènì tó so awẹ́ rẹ́tínà pọ̀, ìyẹn awọ ẹ̀yìn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Bí jíìnì náà bá bàjẹ́, awẹ́ rẹ́tínà á máa ṣí kúrò lára ara wọn, bíi bébà méjì tí gọ́ọ̀mù àárín wọn ti gbẹ. Àárín gbùngbùn, ibi tí a fi ń kàwé gan-an, ló sì máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Láti 1898 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Haas ti ṣàpèjúwe àìsàn yìí, wọ́n sì rí jíìnì rẹ̀ ní 1997. Ẹ̀rọ OCT ń ya àwòrán awẹ́ rẹ́tínà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ìrora. Ẹni tí kò bá ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kó darí ọmọ sí ibi tó wà, kó má ta gíláàsì fún un.

Bí mo bá ti rí i, ìyá ọmọ ni mo máa ń dojú kọ. Àwọn arákùnrin yín ńkọ́? Bàbá tó bí yín ńkọ́? Orí kúrómósómù X, ọ̀kan lára àwọn okùn tín-ín-rín tó gbé jíìnì dání, ni RS1 wà. Obìnrin ní X méjì. Bí ọ̀kan bá ní àléébù, èkejì á bò ó láṣìírí, ojú rẹ̀ á sì máa ríran dáadáa. Ọkùnrin ní X kan ṣoṣo, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló sì ti gbà á; Y ni bàbá fún un. Àléébù tó bá wà lórí ẹyọ kan yẹn kò ní alábòbò. Nítorí náà, ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá bí, ìdajì sí ìdajì ni pé ó máa ní àìsàn náà. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ náà, ìdajì sí ìdajì ni pé wọ́n á máa gbé e kiri bíi tirẹ̀. Bàbá tó ní àìsàn náà kò lè fún ọmọkùnrin rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọbìnrin rẹ̀ ló máa gbé e. Ẹ tún ìyẹn kà. Ojú bàbá àgbà bàjẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀ ríran kedere, ó wá tún yọ lára ọmọ-ọmọ. Ohun tí ẹ ń pè ní èpè ìdílé nìyẹn, tí ẹ ń náwó lé lórí.

Bàbá ọmọ kan gbọ́ àlàyé yìí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dókítà, mo ti sọ fún un pé ilé wọn ni." Mo bi í pé ta ló yan jíìnì tí wọ́n fi bí i. Ìyá ọmọ náà wá rántí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí wọ́n ní kò lórí ìwé. Mo ní kí wọ́n mú un wá. Ọkùnrin náà ti lé ní ogójì ọdún, àárín rẹ́tínà rẹ̀ ti gbẹ, kò tiẹ̀ jọ ti ọmọ náà mọ́ lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Àyẹ̀wò jíìnì fi hàn pé àléébù kan náà ni. Wọ́n ti na ọkùnrin yìí nílé ìwé títí ó fi sá lọ.

Kò sí ìwòsàn tó ń mú un kúrò. Oògùn bíi dorzolamide lè dín omi tó kó sáàárín awẹ́ rẹ́tínà tó ṣí kù fún àwọn kan. Ìwé onílẹ́tà ńlá, awò tó ń sọ nǹkan di ńlá àti ìjókòó iwájú máa ń ṣe púpọ̀ ju gíláàsì karùn-ún lọ. Ẹ sì yé fi ìròyìn Luxturna, ìtọ́jú tó ń gbé jíìnì tó dára wọ inú ojú, ránṣẹ́ sí mi. Lóòótọ́ ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2017, àmọ́ jíìnì RPE65 ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe RS1. Àwọn tó sì ń ta abẹ́rẹ́ "stem cell", ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ní ó lè di ẹ̀yà ara mìíràn, burú jù. Ní Florida, ní 2015, àwọn obìnrin mẹ́ta tí rẹ́tínà wọn ń bàjẹ́ san owó kí wọ́n tó gún irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ sí wọn lójú, ojú méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n rìn wọlé fúnra wọn. Ojú gbogbo wọn ló bàjẹ́ gidigidi, ọ̀kan nínú wọn sì fọ́jú pátápátá.

Ọmọ tó ní retinoschisis kò gbọdọ̀ ja ẹ̀ṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ ṣe eré tí wọ́n ti ń gbá ara wọn lórí, torí ẹ̀jẹ̀ lè ya sínú ojú rẹ̀, rẹ́tínà náà sì lè ṣí kúrò níbi tó wà. Bí ó bá ní òun ń rí ohun dúdú tó ń léfòó, tàbí pé bíi ká ta aṣọ bo ẹ̀gbẹ́ kan ojú òun, ilé ìwòsàn ojú lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ẹnikẹ́ni má kán nǹkan kan sí i lójú kí ẹ tó dé ibẹ̀.