Àkùkọ Ilé Ta Ló Máa Kọ?

Ó ti sú mi. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ṣíṣe áàpù ní Lagere, Ilé-Ifẹ̀ níbí, kò sí ọdún kan tí ẹnìkan ò ní sọ ọ́: "Bọ̀dá, ṣebí fóònù mọ aago tí mo fẹ́ jí, ẹ jẹ́ ká bi í." Wọ́n á fẹ́ ṣe áàpù tó ń kìlọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ OAU pé oorun tó kù fún un ò tó nǹkan mọ́. Èrò yẹn dáa.

Òótọ́ ni pé a lè bi Android. Láti ẹ̀dà 5.0, ní 2014, getNextAlarmClock, àṣẹ tí áàpù fi ń bi fóònù léèrè álámù tó kàn, ti wà níbẹ̀, kò sì gba ìyọ̀ǹda kankan. Ti iPhone, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú: Apple ò ṣílẹ̀kùn fún áàpù ẹlòmíì láti wo álámù inú aago rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń bá mi jiyàn nìyí: mo ní álámù tó kàn lè má jẹ́ álámù tí ìwọ fọwọ́ ara rẹ sẹ́ẹ̀tì. Áàpù yòówù tó bá lo setAlarmClock, àṣẹ tó ń sọ fún fóònù pé álámù aago ni mo fẹ́ sẹ́ẹ̀tì, lè wà níbẹ̀. Èyí tó bá lo setExact, àṣẹ míì tó kàn ń jí áàpù ní àkókò pàtó, lè dún dáadáa láàárọ̀ kí getNextAlarmClock má rí i rárá. Fóònù á sọ pé àkùkọ kan máa kọ ní aago báyìí. Kò ní sọ àkùkọ ilé ta ni.

Ọ̀kan nínú wọn sẹ́ẹ̀tì 6:00 nítorí kíláàsì aago méje. Áàpù tó ṣe kọ 5:20 sójú fóònù. Ó pa fóònù, ó tàn án, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó ní fóònù ló ń ṣiṣẹ́ gbódì. Èmi rò pé bóyá ó gbàgbé pé iye mìlísẹ́kọ́ńdù láti 1970, ní àkókò UTC (àkókò tí gbogbo ayé fi ń ṣe òṣùwọ̀n aago), ni fóònù ń dá padà, torí wákàtí kan ni Nàìjíríà fi ṣíwájú. Ṣùgbọ́n ìyẹn ì bá jẹ́ 5:00, kì í ṣe 5:20. Áàpù ìrun kíkí ló wà nídìí ẹ̀: ìrun àárọ̀ ló fẹ́ pè.

"Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ni ín." Ó dáa. getShowIntent, àṣẹ tó ń bèèrè ojú-ewé tí álámù náà máa ṣí, lè jẹ́ ká mọ orúkọ áàpù náà, bí kò bá ṣófo. Ó sì lè ṣófo. Lẹ́yìn náà, ká tó lè mọ̀ bóyá áàpù aago ni, ta ló fẹ́ jókòó kọ orúkọ áàpù aago gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fóònù sílẹ̀? Èmi kọ́. Àkọlé álámù ńkọ́? Kò sí níbẹ̀.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má lò ó. Fún ẹni tí áàpù aago kan ṣoṣo wà lórí fóònù rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó bá a mu lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ ṣáà má kọ "Álámù rẹ" sójú áàpù. Ẹ kọ "Álámù tó kàn lórí fóònù yìí". Bó bá sì dá null (òfìfo) padà, ẹ má sọ fún ẹni tó ní oògùn láti lò lóru pé kò sí nǹkan tó máa jí i.

Ọmọ yẹn ti tún ọ̀rọ̀ ojú áàpù rẹ̀ kọ. 5:20 náà ló ṣì ń sọ. Mo ní kó yọ áàpù ìrun yẹn kúrò ná, ká fi dán an wò. Ó ní rárá, ìyá òun ló fi sí i.