Wh: wáàtì-wákàtí ni, ẹ fi "agbára" sílẹ̀

Òǹkọ̀wé tó bá ń rìnrìn àjò lóde òní, páwà báǹkì ló kọ́kọ́ ń wò bóyá ó wà nínú báàgì, kó tó wo bírò. Orúkọ tirẹ̀ ò ní wàhálà. Páwà báǹkì lọlọ́jà ń pè é, òun náà loníbàárà ń pè é. Ẹni tó bá kọ ọ́ sínú ìwé pé "ilé ìfowópamọ́ agbára", kó lọ sọ́jà kó ní òun fẹ́ ra ilé ìfowópamọ́ agbára kan, kó wá sọ ohun tí wọ́n kó lé e lọ́wọ́ fún wa. Ohun tó gba àlàyé ni lẹ́tà méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀: Wh, ìwọ̀n iná tó wà nípamọ́ nínú rẹ̀.

Wáàtì-wákàtí ni mo ń pè é. Mo ti rí ẹni tó ń kọ "agbára-wákàtí", mo sì ti rí ẹni tó ń kọ "wáàtì ní wákàtí kan". Ẹni àkọ́kọ́, ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Ẹni kejì, ìṣirò ni ò mọ̀, tiẹ̀ ló burú jù.

Ọ̀rọ̀ náà, agbára, ti ṣiṣẹ́ jù lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ sáyẹ́ǹsì lédè wa. Ohun tó ń ti nǹkan síwájú, agbára ni wọ́n pè é. Ohun tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́, agbára. Bí iná ṣe ń yára jáde tó, agbára. Iná tó wà nípamọ́ nínú bátìrì, agbára náà ni. Kí ìpínrọ̀ kan tó parí, agbára ti di ẹni mẹ́rin, ọmọ ilé ìwé ò sì mọ èwo ni wọ́n ń bá wí nínú wọn. Ẹ tún wá fi wákàtí há a lẹ́nu, kí ẹni tó ń kà á máa wá a kiri. Orúkọ ènìyàn ni wáàtì, láti ara James Watt, ará Scotland tó tún ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ṣe. Fóòtì (V) náà, láti ara Volta, ará Ítálì, ló ti wá. Ta ló ń túmọ̀ orúkọ olórúkọ? Wọ́n á ní wáàtì kì í ṣe ojúlówó Yorùbá. Wákàtí tí wọ́n gbà láìjiyàn, ṣebí inú èdè Lárúbáwá ló ti wá. Kílò tí wọ́n fi ń wọn ẹran fún wọn ńkọ́, ta ló ti bá alápatà jà nítorí rẹ̀?

"Wáàtì ní wákàtí kan" wá ni ẹjọ́ gidi. "Ní wákàtí kan" lédè wa, pínpín ló ń sọ. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan, eré rẹ̀ la ń sọ yẹn. Wh kì í ṣe eré, kò sì sí pínpín nínú rẹ̀ rárá. Ìsọdipúpọ̀ ni: ohun tó ń jẹ wáàtì 10, tó jẹ ẹ́ fún wákàtí 5, ó ti jẹ wáàtì-wákàtí 50. Yorùbá sì ti ní irú àkànpọ̀ yìí tipẹ́. Bí wọ́n bá ní ìrìn ọjọ́ mẹ́ta ló wà láàárín ìlú méjì, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ pé wọ́n gé ìrìn sí mẹ́ta. Ìrìn ni, ó sì gba ọjọ́ mẹ́ta. Bí wáàtì ṣe ṣáájú tí wákàtí tẹ̀lé e nìyẹn, ìlà kékeré àárín wọn ló ń sọ pé ẹ má yà wọ́n.

Àwọn kan á tún ní ọ̀rọ̀ náà le jù fún mùtúmùwà. Mùtúmùwà ti ń rà á látọjọ́ tí wọ́n ti gbé mítà alásansílẹ̀ dé. Yúníìtì kan tí ẹ ń tẹ̀ sínú mítà yẹn, 1,000 wáàtì-wákàtí ni. (Páwà báǹkì ńlá kan ò sì lè jẹ ìdajì yúníìtì, nítorí náà kí onílé yé bá àyálégbé jà lórí cháájì. Ẹ wo fíríìjì.)

Ó dáa, kí ló dé tí mAh (mílíáńpù-wákàtí) ò tó? Ṣebí òun ni wọ́n kọ gàdàgbà síwájú páálí. Ẹ fojú gàrí wò ó. mAh ni iye kóńgò tí ẹ rà, fóòtì ni bí kóńgò náà ṣe jìn tó. Ẹni tó ní òun ra kóńgò mẹ́wàá ò tíì sọ nǹkan kan, nítorí kóńgò ìyá kan jìn dáadáa, ti èkejì, wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú. Wáàtì-wákàtí ni kí ẹ gbé gàrí náà lé òṣùwọ̀n. Kóńgò ẹnikẹ́ni ò lè tàn yín mọ́.

Ẹ yí páwà báǹkì tiyín padà, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i, nítorí lẹ́tà aláwọ̀ eérú ni wọ́n ń tẹ̀ sára ike dúdú. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́gbàáwàá ni, ẹ máa rí 20,000mAh, 3.7V, 74Wh. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ tó lẹ́rìí ọkàn ló ṣe é, wọ́n á tún kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ní 5V, ohun tí yóò jáde lè má ju bíi 12,000mAh lọ. Ibẹ̀ làwọn ènìyàn ti ń pariwo pé wọ́n rẹ́ àwọn jẹ. Wọn ò rẹ́ yín jẹ. Nínú bátìrì, kóńgò kékeré onífóòtì 3.7 ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Lẹ́nu ihò USB, kóńgò onífóòtì 5 ni. Ẹ fi ńlá tún kékeré wọ̀n, 20,000 á di 14,800. Èyí tó tún já lẹ́yìn ìyẹn ló di ooru tí ọwọ́ yín ń gbọ́ lára rẹ̀ bó bá ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n 74Wh tó wà nínú bátìrì ò yí padà, kóńgò yòówù kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, òun sì ni ìwọ̀n tí mo lè bá ṣírò.

Láptọ́ọ̀pù tuntun tí wọ́n kàn fi ń kọ ọ̀rọ̀, tí wọ́n dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù, tí ẹnikẹ́ni ò wo fídíò lórí rẹ̀, sábà máa ń jẹ láàárín wáàtì 6 sí 10. Nínú 74Wh, ká ní 60 dé inú rẹ̀ lẹ́yìn òfò. Bó bá ń jẹ wáàtì 8, wákàtí 7 àti ààbọ̀ nìyẹn, yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú bátìrì tirẹ̀. Bátìrì láptọ́ọ̀pù MacBook Air M1 jẹ́ 49.9Wh. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000mAh ò ju bíi 19Wh lọ, nítorí náà ẹni tó bá lè fi fóònù àti kííbọọ̀dù Bluetooth kọ̀wé á gba iná kún fóònù rẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọ̀nà tèmi nìyẹn, ọrùn ni kò fẹ́ràn rẹ̀. AlphaSmart Neo, ẹ̀rọ ìkọ̀wé kékeré ará Amẹ́ríkà, tí wọn ò ṣe mọ́ láti 2013, kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, ojú rẹ̀ ò tàn, bátìrì AA mẹ́ta ló sì ń lò fún nǹkan bíi wákàtí 700. Bátìrì yẹn ò tóbi o, ẹ̀rọ náà gan-an ni kì í jẹun.

Ibi tí wáàtì-wákàtí ti ń mú ènìyàn ni pápákọ̀ òfúrufú. Báàgì ọwọ́ nìkan ni páwà báǹkì ń bá wọlé, kò gbọdọ̀ sí nínú ẹrù tí wọ́n ń kó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Èyí tí kò ju 100Wh lọ, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kì í béèrè àṣẹ. Láàárín 100 sí 160, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà. Ó ju 160 lọ, kò wọlé. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ Air Busan kan jóná nílẹ̀ ní Korea ní January 2025, tí àwọn aláṣẹ fura sí páwà báǹkì, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tún fún okùn le. Láti October 1, 2025, ẹyọ kan tí kò tó 100Wh ni Emirates ń gbà, ẹ ò sì gbọdọ̀ lò ó nínú ọkọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ hàn lára rẹ̀.

Ẹ wá wo ayédèrú tí wọ́n kọ 50,000mAh sí lára, tó fúyẹ́ lọ́wọ́. Bátìrì tó bá pé 50,000 lóòótọ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ nìkan ju ìlàjì kílò lọ dáadáa. Irọ́ náà kò sì mọ síbẹ̀. 50,000 lọ́nà 3.7, 185Wh nìyẹn. Ẹni tó gbé e dé pápákọ̀ á máa búra fún òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pé ayédèrú ni, pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ò tó 30. Òṣìṣẹ́ ò ní òṣùwọ̀n lọ́wọ́, ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lòun máa kà. Inú àpótí tí wọ́n ń ju ọbẹ àti sísọ́ọ̀sì sí ló máa gbé e sí.