Àtẹ Ìwé Rélùwéè Ní London Ni Èèpo Ìwé Amí Ti Wá, Kì Í Ṣe Amẹ́ríkà

Ẹ máa gbọ́ ọ níbi púpọ̀ pé Amẹ́ríkà ló bí èèpo ìwé amí, ẹ mọ èyí tí mò ń sọ, ọkùnrin tó mú ìbọn dání, ọmọge lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, orúkọ ìwé gàdàgbà lókè. Wọ́n á ní Pocket Books, ilé ìtẹ̀wé kan níbẹ̀, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1939, pé Gold Medal, ilé ìtẹ̀wé míì, wá gbé e dókè lọ́dún 1950. Mi ò gbà. Robert McGinnis, ayàwòrán èèpo ìwé wọn, mọ àwòrán yà, kò sẹ́ni tó máa bá a du ìyẹn, àmọ́ iṣẹ́ náà ti dàgbà kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. London ni kẹ́ ẹ lọ wò.

Ọdún 1848 ni W.H. Smith, iléeṣẹ́ tó ń ta ìwé, pàtẹ ìwé sí ibùdókọ̀ rélùwéè Euston. Ẹ rò ó wò ná, èrò ti gbé báàgì dání, fèrè ọkọ̀ ti ń dún, kò ráyè ṣí ìwé wò rárá, ohun tójú bá kọ́kọ́ rí lowó máa lọ bá. Ìdí nìyẹn táwọn òǹtẹ̀wé bíi Routledge fi ń ṣe ìwé olówó pọ́ọ́kú fáwọn arìnrìn-àjò, àwòrán sì di dandan. Edmund Evans tó ń tẹ àwòrán ló yanjú ẹ̀ ní 1853. Ó rí i pé bébà funfun tètè ń dọ̀tí, ló bá mú bébà yẹ́lò, ó fi nǹkan kùn ún kó máa dán, ó gbẹ́ àwòrán sára pákó, pákó kan fún dúdú, òmíràn fún pupa, òmíràn fún búlúù, á wá máa tẹ̀ wọ́n léra títí àwòrán á fi yọ. Yellowback ni wọ́n ń pe irú ìwé bẹ́ẹ̀, sílè méjì ni wọ́n ń ta ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀.

Amí ò tíì pọ̀ nínú ìtàn nígbà yẹn o, ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló ń tà. Ṣùgbọ́n tèmi ni pé ibẹ̀ gan-an ni ọkùnrin tó fa fìlà bojú tó dúró sábẹ́ iná yẹn ti wá, torí ayàwòrán tó mọ bí wọ́n ṣe ń ya ẹni tó ń ṣọ́ni lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ló tún kù tí ò ní lè ya amí.

Lọ́dún 1909 òǹkọ̀wé William Le Queux gbé ìwé kan jáde nípa àwọn amí Kaiser, ọba Jámánì, jìnnìjìnnì bo Ìlú Ọba débi pé àwọn èèyàn ń kọ lẹ́tà sí i pé àwọn ti rí amí ládùúgbò, ọdún yẹn náà nìjọba dá iléeṣẹ́ amí tiwọn sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ayàwòrán ti bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́pàá ní yúnífọ́ọ̀mù, sójà náà ní. Amí ńkọ́? Iṣẹ́ ẹ̀ gan-an ni pé kẹ́nikẹ́ni má dá a mọ̀! Báwo lẹ ṣe máa ya ẹni tí ò gbọ́dọ̀ jọ amí, kí oníbàárà sì mọ̀ pé amí ni? Àfi kí nǹkan tó yí i ká máa bá a sọ̀rọ̀, máàpù, lẹ́tà, ìbọn ìléwọ́. Lójú tèmi, látìgbà náà, ìbéèrè kan ṣoṣo yìí ni gbogbo wọn ń wá ìdáhùn sí.

Ilé ìtẹ̀wé Penguin ò tiẹ̀ gbìyànjú ẹ̀. Allen Lane ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1935, sísì nìwé kan, Edward Young lọ ya ẹyẹ penguin tó jẹ́ àmì wọn nínú zoo, ìwé ọ̀daràn wọ àwọ̀ ewé, ó parí. Lane ò fẹ́ràn àwòrán lára ìwé.

Ilé ìtẹ̀wé Pan ló ṣe é. Alan Bott dá a sílẹ̀ ní 1944, bébà sì wọ́n nílùú débi pé Paris ni wọ́n ti ń tẹ̀ nínú àwọn ìwé ìbẹ̀rẹ̀ wọn tí wọ́n ń fọkọ̀ ojú omi kó o bọ̀, síbẹ̀ wọn ò fi àwòrán ṣahun. Ní 1955 Roger Hall ya èèpo Casino Royale, ìtàn amí James Bond, fún wọn, lẹ́yìn náà ni Sam Peffer dé, Peff ló máa ń kọ sára iṣẹ́ ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ àtìyàwó ẹ̀ ni wọ́n máa ń dúró síwájú kámẹ́rà kó tó yà á, torí náà ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin abìbọn yẹn, ayàwòrán gan-an ni.

Ẹni tó wá dáhùn ìbéèrè bí wọ́n ṣe ń ya amí yẹn ni Raymond Hawkey. Lọ́dún 1962 ó ṣe èèpo ìwé amí The IPCRESS File fún òǹkọ̀wé Len Deighton ọ̀rẹ́ ẹ̀, Royal College of Art làwọn méjèèjì ti kàwé. Ìwé ẹlẹ́yìn líle ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n paperback, ìwé ẹlẹ́yìn rírọ̀, ló jogún ẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: fọ́tò dúdú àti funfun, ìbọn Smith & Wesson, ife kọfí, sìgá tí wọ́n ti tẹ̀ pa, ọta ìbọn, klíìpù bébà. Kò séèyàn kankan níbẹ̀! Amí ti dìde kúrò nídìí tábìlì. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó ń pààyàn ni, ẹ mọ̀ ọ́n láìrójú ẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e Pan ní kó ṣe Thunderball, ìwé James Bond míì, ó lu ihò ọta méjì sójú ìwé náà, ihò gidi tẹ́ ẹ lè fọwọ́ kàn, ó sì ní kí wọ́n kọ orúkọ James Bond tóbi ju ti òǹkọ̀wé lọ. Látìgbà yẹn lorúkọ akọni ti ń ta ìwé.

Faransé náà ní tiwọn, Michel Gourdon ya àìmọye fún ilé ìtẹ̀wé Fleuve Noir, àwọn ìwé amí SAS tó bẹ̀rẹ̀ ní 1965 sì máa ń fi fọ́tò ọmọge abìbọn ṣe é, ó kún ọwọ́ àwọn èèyàn ní Kútọnu àti Lomé, àmọ́ èèpo kan náà ni wọ́n ń pààrọ̀ ọmọge lórí ẹ̀. Nílé wa, ìwé ọ̀daràn Hadley Chase làwọn tó ń ta ìwé àlòkù máa ń tẹ́ sórí ọ̀rá lẹ́bàá títì, ojú èèpo sókè, bíi ti Euston gẹ́lẹ́. Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé Macmillan gbé àwọn ìwé ìtàn Pacesetters dé ní 1977, fọ́tò làwọn náà lò, ọ̀nà Hawkey nìyẹn.

Ìyókù ò gba àkókò. Kọ̀ǹpútà dé, àwọn ayàwòrán ń lọ níkọ̀ọ̀kan, ilé ìtẹ̀wé ń ra fọ́tò tó ti wà nílẹ̀, ọkùnrin kan tó kẹ̀yìn sí wa tó ń rìn lọ nínú kùrukùru, ẹ sì lè rí fọ́tò kan náà lára ìwé òǹkọ̀wé méjì. Hawkey kú ní 2010, Peff ní 2014.