Ọkọ Ni Wọ́n Ń Pè Kó Tó Di Òkú: Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Bloody Mary

Bí àwọn ọmọbìnrin iléèwé ní Amẹ́ríkà ṣe máa ń ṣe é nìyí. Wọn á rọ́ wọ balùwẹ̀, wọn á ti ilẹ̀kùn, wọn á pa iná, wọn á sì tan àbẹ́là kan síwájú dígí. Èyí tó láyà jù nínú wọn á dojú kọ dígí náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í pe "Bloody Mary", ìyẹn Mary Ẹlẹ́jẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta níbì kan, lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá níbòmíràn. Wọ́n ní obìnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ bò lójú á yọ lẹ́yìn ẹni tó ń pè é. Ó lè kàn tẹjú mọ́ ọn, ó lè fi èékánná ha á lójú, ó sì lè fà á wọnú dígí lọ. Kí ọ̀rọ̀ tó débẹ̀ ṣá, ẹnì kan á ti figbe ta, ẹsẹ̀ ò sì ní gbèrò mọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ta wá ni Mary? Èyí tí ẹnu pọ̀ lé lórí jù ni pé Ọbabìnrin Mary Kìíní ti ilẹ̀ England ni, ẹni tó jọba láti 1553 sí 1558, tó sì dáná sun àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì bí 280. Wọn á tún mú ọ̀rọ̀ oyún rẹ̀ wọ̀ ọ́: ní 1555, gbogbo ààfin ti múra sílẹ̀ de ọmọ, wọ́n retí retí, oyún ò sí níkùn rárá. Ìdí nìyẹn, wọ́n ní, táwọn ọmọ kan fi máa ń sọ sí dígí pé, "Èmi ni mo jí ọmọ ẹ gbé." Ìtàn náà dùn ún sọ, àmọ́ orúkọ nìkan ló so ọbabìnrin yẹn pọ̀ mọ́ dígí. Ó lé ní irinwó ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ káwọn onímọ̀ ìtàn àtẹnudẹ́nu tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ eré yìí sílẹ̀.

Àwọn mìíràn ní Mary Worth ni, àjẹ́ kan tí wọ́n so kọ́ ní Salem, ìlú kan ní Amẹ́ríkà. Èèyàn 19 ni wọ́n so kọ́ nínú ẹjọ́ àjẹ́ Salem lọ́dún 1692, orúkọ wọn wà nílẹ̀, kò sí Mary Worth láàárín wọn. Ti Elizabeth Báthory, ìyáàfin ìjòyè ilẹ̀ Họ́ńgárì, kò tiẹ̀ yẹ ká jókòó tì í: kò jẹ́ Mary, ó kú ní 1614, ọ̀rọ̀ pé ó ń fi ẹ̀jẹ̀ wúńdíá wẹ̀ ò sì jáde nínú ìwé títẹ̀ títí di 1729.

Ohun tí èmi dúró lé ni pé orúkọ ló kéré jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wo ìṣe náà fúnra rẹ̀: òru, àbẹ́là, dígí, ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ, ojú kan tó ń yọ lẹ́yìn èjìká. Gbogbo rẹ̀ ló ti wà ní pípé kí ẹnikẹ́ni tó pe Mary níbẹ̀, ojú ọkọ tí ń bọ̀ ni wọ́n sì ń wá.

Kí dígí máa sọ ohun tó pa mọ́ ti pẹ́ láyé. Pausanias, ará Gíríìsì tó rin ìrìn àjò ká ìlú wọn ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì lẹ́yìn ikú Jésù, ṣàpèjúwe ìsun omi kan ní Patras, níwájú ilé òrìṣà Demeter. Bí ara ẹnì kan ò bá yá, wọn á so okùn tín-ín-rín mọ́ dígí, wọn á rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí etí rẹ̀ á fi kan omi, wọn ò ní jẹ́ kó rì. Wọn á gbàdúrà sí òrìṣà náà, wọn á sun tùràrí, wọn á wá wo inú dígí. Aláìsàn náà ni wọ́n máa rí níbẹ̀, bóyá láàyè, bóyá lókùú. Mi ò sọ pé omi Patras ló ṣàn dé Scotland, níbi tí ìtàn wa ń lọ, o. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé láti ìgbà yẹn ni dígí kan náà ti ń fi ìyè hàn, tó sì ń fi ikú hàn, kò sì sí bí ẹni tó ń wò ó ṣe lè mọ èyí tí yóò bá níbẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀rù tó wà nínú eré yìí ti wá.

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá, Póòpù John XXII ṣe òfin mọ́ àwọn tó ń há ẹ̀mí èṣù mọ́nú òrùka, ìgò tàbí dígí kí wọ́n lè máa bi í ní ìbéèrè. Ta ló máa ń ṣòfin mọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe? Ẹ̀yìn ìyẹn ni John Dee, agbani-nímọ̀ràn Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, dé. Dígí dúdú kan tí wọ́n ní ó jẹ́ tirẹ̀ ṣì wà ní British Museum lónìí, òkúta dídán ni wọ́n fi ṣe é. Nínú ìwádìí tó jáde ní 2021, wọ́n fi hàn pé láti Pachuca ní Mẹ́síkò ni òkúta náà ti wá, iṣẹ́ àwọn Aztec, ìyẹn àwọn kan tó ń gbé Mẹ́síkò láyé àtijọ́. Dee fúnra rẹ̀ kì í rí nǹkan kan. Edward Kelley, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣiṣẹ́ ní 1582, ló máa ń wò ó fún un. Dee yìí kan náà ni ìjọba Mary Kìíní mú ní 1555 pé ó ń wo ìràwọ̀ ọbabìnrin. Bí àwọn onítàn ọbabìnrin bá ń wá nǹkan tí wọn á gbá mú, mo fún wọn nìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́.

Àmọ́ àwọn ọkùnrin oníwèé nìyẹn. Ti àwọn ọmọbìnrin, Robert Burns, akéwì ilẹ̀ Scotland, ló gbé e kalẹ̀ fún wa nínú ewì tó kọ ní 1785 lórí alẹ́ Halloween, ìyẹn alẹ́ ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá, tí wọ́n tẹ̀ ní ìlú Kilmarnock lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nínú àlàyé tó ṣe sábẹ́ ewì náà, ó ní kí ọmọbìnrin mú àbẹ́là, kó dá lọ síwájú dígí, kó jẹ ápù níbẹ̀. Àwọn kan ní kó máa ya irun rẹ̀ títí yóò fi jẹ ẹ́ tán. Ojú ẹni tí yóò fẹ́ ẹ á hàn nínú dígí, bí ẹni ń yọjú wò ó láti ẹ̀yìn èjìká.

Inú ewì náà gan-an ni ẹ̀rí tó lágbára jù wà. Jenny kékeré bẹ ìyá àgbà pé kó bá òun lọ, òun fẹ́ jẹ ápù níwájú dígí. Inú bí ìyá àgbà. Ó ń fa páìpù rẹ̀ kíkankíkan débi pé ẹyin iná já bọ́ sórí épírọ́ọ̀nù tuntun tó wọ̀, ó ń jó, kò mọ̀. Ó bu ẹnu àtẹ́ lu ọmọ náà: ṣé Sàtánì lo fẹ́ kó wá sọ àyànmọ́ ẹ fún ẹ? Ó ní kò ní ṣàì rí nǹkan, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ti rí i lóru bẹ́ẹ̀, tí ìpayà rẹ̀ sì sọ wọ́n di wèrè títí wọ́n fi kú. Ní 1785 náà nìyẹn! Ọkọ ni Jenny ń wá, Sàtánì ni ìyá àgbà ń rí, dígí kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń sọ.

Ní England àti Scotland níbẹ̀, bí èèyàn bá kú nínú ilé, wọn á fi aṣọ bo dígí tàbí kí wọ́n yí ojú rẹ̀ sí ògiri, nítorí ẹni tó bá rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀ lè jẹ́ ẹni tí ikú kàn. Àwọn Júù náà máa ń bò ó lásìkò ọ̀fọ̀. Ọmọ tó dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, tó wá dá dúró síwájú dígí lóru, kò ní ṣàì rántí.

Dígí àtijọ́, tánńganran àti mẹ́kúrì ni wọ́n ń fi bò ó lẹ́yìn, owó gọbọi ni wọ́n sì ń rà á. Ní 1835, Justus von Liebig ará Jámánì rí ọ̀nà tí èèyàn lè gbà fi fàdákà fẹ́ẹ́rẹ́ bo ẹ̀yìn gíláàsì. Díẹ̀díẹ̀, dígí kúrò ní gbọ̀ngàn olówó, ó wọ yàrá mẹ̀kúnnù, ó sì dé balùwẹ̀. Àwọn ará Scotland àti Ireland ti kó Halloween wọn lọ sí Amẹ́ríkà. Lórí káàdì ìkíni tí wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, ẹ óò rí ọmọge tó gbé àbẹ́là dání níwájú dígí, tí ojú ọkùnrin kan ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi ẹ̀yìn rìn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé pẹ̀lú dígí àti àbẹ́là. Ẹni tí yóò bá kú kó tó lọ́kọ, agbárí òkú ló máa rí. Agbárí yẹn ni Mary gbapò rẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn, kó wo Rọ́ṣíà. Lásìkò Kérésìmesì, àwọn omidan ibẹ̀ máa ń gbé dígí méjì dojú kọ ara wọn, wọn á tan àbẹ́là, wọn á máa wá ọkọ wọn nínú rẹ̀. Nígbà tó ṣe, àwọn ọmọdé ibẹ̀ ń fi ọṣẹ tàbí àtíkè ètè ya àtẹ̀gùn sójú dígí kí obìnrin abàmì kan lè gbabẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá, ìyẹn Ayaba inú káàdì, Pikovaya Dama. Kò sí Mary Kìíní níbẹ̀, kò sí Salem níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà kan náà ni ìtàn náà gbà.

Ìyókù kò gùn. Ní 1978, Janet Langlois, onímọ̀ ìtàn àtẹnudẹ́nu, kọ̀wé lórí bí àwọn ọmọ iléèwé Kátólíìkì kan ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà ṣe ń pe Mary Whales, orúkọ tí wọ́n ń pe Mary yìí níbẹ̀, nínú dígí. Eré náà ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ tí kò ronú ọkọ rárá, ẹ̀rù nìkan ló kù fún wọn láti bá ṣeré. Fíìmù abanilẹ́rù Candyman ti 1992, tí wọ́n ti ń pe orúkọ abàmì ọkùnrin kan sí dígí, sọ pípe orúkọ di ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ní 1998, Alan Dundes, onímọ̀ ìtàn àtẹnudẹ́nu mìíràn, ní ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù tó kọ́kọ́ ń dé fún ọmọbìnrin ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Ó gbìyànjú, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ ì bá ti ṣàlàyé ìyẹn náà fún un. Ní 2010, Giovanni Caputo, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì Urbino ní Ítálì, fi èèyàn 50 jókòó síwájú dígí nínú yàrá tí iná rẹ̀ ò mọ́lẹ̀ dáadáa, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ojú ara wọn ló yí padà bìrí fún ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ìdá 28 rí àjèjì tí wọn ò mọ̀ rí, ìdá 48 sì rí abàmì ẹ̀dá. Wọn ò tan àbẹ́là, wọn ò sì pe orúkọ ẹnikẹ́ni.