Ta Ló Sọ Ọ́, Kí Ló sì Fẹ́ Gbà? Bí A Ṣe Ń Gbọ́ Àhesọ NBA

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù Kejì ọdún 2025, fóònù ló jí mi. Aago mẹ́fà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá díẹ̀ ni, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ti da àtẹ̀jíṣẹ́ bò mí: "Kóòṣì, ṣé ẹ ti rí i? Dallas ti fi Luka fún Lakers!" Èmi náà kọ́kọ́ rò pé àwọn gbájúẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló gba àkáǹtì oníròyìn tó gbé e jáde, Shams Charania. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní Amẹ́ríkà náà rò nìyẹn, débi pé ọkùnrin náà ní láti tún un kọ pé òótọ́ ni. Luka Dončić, ọmọ ọdún 25, tó gbé ẹgbẹ́ Dallas Mavericks dé àṣekágbá NBA, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tó ga jù ní Amẹ́ríkà, ní ọdún tó ṣáájú, ti di ti Los Angeles Lakers. Anthony Davis ni olórí ohun tí Dallas gbà, wọ́n sì fi Max Christie àti ẹ̀tọ́ láti ṣa ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ní ọdún 2029 kún un.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé a ò gbọ́ fínrín tẹ́lẹ̀. Nico Harrison tó ń darí Dallas nígbà náà àti Rob Pelinka ti Lakers di ọ̀rọ̀ náà mọ́ ẹnu, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ pàápàá ò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni lọ́dọọdún, láti oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ tí fèrèsé pàṣípààrọ̀, ìyẹn àkókò tí àwọn ẹgbẹ́ lè fi agbábọ́ọ̀lù gba agbábọ́ọ̀lù, máa ń tì ní oṣù Kejì, àhesọ á kún etí wa bí eéṣú, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kì í sì í délé. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé, "Kóòṣì, ṣé òótọ́ ni wọ́n fẹ́ ta lágbájá?" Èmi náà á bi wọ́n padà pé: ta ló sọ ọ́, kí ló sì fẹ́ gbà?

Ẹ wo ẹni tó ń ná aṣọ ní ọjà Gbági. Ó di aṣọ mú, ó wojú ìyá aláṣọ, ó ní, "Ìyá kan lọ́hùn-ún ní òun á tà á fún mi ju báyìí lọ." Ó lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè má sí ìyá kankan lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣe ni kí owó wálẹ̀. Àhesọ NBA kò yàtọ̀ sí i. Aṣojú agbábọ́ọ̀lù tó fẹ́ kí wọ́n tún àdéhùn oníbàárà rẹ̀ ṣe á sọ̀rọ̀ sétí oníròyìn pé ẹgbẹ́ mẹ́ta ń wá a. Ẹgbẹ́ tó ń tà á náà á sọ pé mẹ́ta ni wọ́n, kí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tó ń wá a lóòótọ́ lè fowó kún owó. Oníròyìn náà lè má purọ́ rárá o. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló kọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọ wa, Hakeem Ọlájuwọ́n, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1963, ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ yìí ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 1992, iṣan ẹ̀yìn itan ń dùn ún, ó ní òun ò lè gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn aláṣẹ Houston Rockets ò gbà á gbọ́. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ṣe ló ń díbọ́n nítorí owó, wọ́n sì dá a dúró. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra, ó sì ní kí wọ́n fi òun ránṣẹ́ síbòmíràn. Láti ìgbà náà lọ, àwọn ìwé ìròyìn ń so orúkọ rẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ yìí, wọ́n ń so ó mọ́ tọ̀hún. Ẹni tó bá gbé ayé nígbà náà á búra pé Hakeem ti lọ.

Ẹ jẹ́ ká bi ìbéèrè wa. Hakeem àti àwọn tirẹ̀ ń sọ ọ́, kí Houston lè mọ̀ pé inú bí òun dénú. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ń sọ ọ́, kí ara Houston má balẹ̀, kí wọ́n lè tà á lọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n Houston nìkan ló lè buwọ́ lùwé, ta ni yóò sì gbé ohun tó tó Hakeem wá? Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, ẹgbẹ́ náà lọ sí Japan láti bẹ̀rẹ̀ sáà tuntun. Nínú bàálù, lójú ọ̀nà, Hakeem àti Charlie Thomas tó ni ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn jókòó, wọ́n sì sọ ọ́ yanjú. Ní 1994, Houston gba ife ẹ̀yẹ. Nínú sáà kan ṣoṣo náà ni Hakeem gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù, ti ẹni tó mọ ilé ṣọ́ jù, àti ti ẹni tó tayọ jù ní àṣekágbá. Títí di òní, kò sí ẹlòmíràn tó tíì kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ ní sáà kan. Ìyẹn ni ẹni tí àhesọ ti tà tán ní 1992.

Ó wá kan ti draft, ìyẹn ètò tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ní oṣù Kẹfà ọdọọdún. Ẹni tó bá ti dá èésú rí á tètè lóye rẹ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìgbà tirẹ̀ láti kó, ní ìpele kìíní àti ìpele kejì. Bí owó bá ká ẹ mọ́, o lè gbé ìgbà tìrẹ fún ẹlòmíràn, kó fún ẹ ní nǹkan lónìí. Ibi tó ti yàtọ̀ sí èésú ni pé nínú èésú, o mọ iye tí o máa kó. Nínú draft, o ò mọ̀. Bí ẹgbẹ́ rẹ bá ṣe burú tó lọ́dún náà ni ìgbà tí o ti gbé fún ẹlòmíràn á ṣe níye lórí tó.

Indiana Pacers mọ ìrora rẹ̀. Ní 1981 wọ́n ń wá ọkùnrin gíga, wọ́n bá gba Tom Owens lọ́wọ́ Portland Trail Blazers, wọ́n sì fi ẹ̀tọ́ ìṣàyàn ìpele kìíní wọn ti ọdún 1984 dí i. Lójú wọn, 1984 ṣì jìnnà. Owens lo sáà kan péré lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí 1984 dé, Indiana ló gbẹ́yìn ní apá ìlà-oòrùn: nínú ìdíje 82, 26 ni wọ́n borí. Houston ló gbẹ́yìn ní apá ìwọ̀-oòrùn, 29 ni tiwọn. Láyé ìgbà náà, owó ẹyọ ni wọ́n máa ń sọ sókè láàárín àwọn ẹlẹ́yìn méjèèjì láti mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ yàn. Portland ló dúró síbi tó yẹ kí Indiana dúró. Houston jẹ, ó mú Hakeem. Portland wà ní ipò kejì, ó mú Sam Bowie. Chicago Bulls wà ní ipò kẹta, ó mú Michael Jordan.

Gbogbo ayé ló ti fi Portland ṣe yẹ̀yẹ́ títí, èmi kì í bá wọn dá sí i. Wọ́n ti ní Clyde Drexler, tí wọ́n yàn ní 1983, ipò kan náà lòun àti Jordan sì ń gbá. Ọkùnrin gíga ni wọ́n rò pé àwọn ò ní. Àṣìṣe tí mo rí níbẹ̀ ni pé àìní ọdún yẹn ni wọ́n tẹ̀ lé, bẹ́ẹ̀ Bowie ti ní ìfarapa ẹsẹ̀ tó le nígbà tó wà ní yunifásítì. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tó kéré sí mi pé ẹ má ṣe yan ọmọ nítorí ihò kan tí ẹ fẹ́ dí lónìí. Drexler tí wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá pín ipò náà, Portland fúnra wọn ló fi í ránṣẹ́ sí Houston ní oṣù Kejì ọdún 1995, wọ́n gba Otis Thorpe dípò. Drexler àti Hakeem ti jọ gbá bọ́ọ̀lù ní Yunifásítì Houston. Lọ́dún náà gan-an ni wọ́n jọ gbé ife kejì.

Nítorí pé àwọn èèyàn fura pé àwọn ẹgbẹ́ kan ń mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù kí wọ́n lè rí ọmọ gidi yàn, NBA dá ìbò oríire (lottery) sílẹ̀ ní 1985 láti mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ yàn. Bọ́ọ̀lù kékeré 14 ni wọ́n ń dà sínú ẹ̀rọ báyìí, mẹ́rin á jáde, ẹgbẹ́ tí nọ́ńbà náà bá jẹ́ tirẹ̀ ló jẹ. Láti 2019, àǹfààní àwọn ẹgbẹ́ mẹ́ta tó burú jù láti gba ipò kìíní kò ju ìdá 14 nínú 100 lọ, ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Dallas tó ta Luka ní ìdá 1.8 péré nínú 100, òun ló sì jẹ, tó fi mú Cooper Flagg. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ ọ́ ní oṣù Kejì pé ẹgbẹ́ báyìí ló máa mú ọmọ báyìí, ẹ rántí pé bọ́ọ̀lù ò tíì bọ́ sínú ẹ̀rọ.

Ohun kan wà tí ẹ lè fi yọ irọ́ kúrò kíákíá: owó. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹgbẹ́ ló ti kọjá iye tí NBA ní kí wọ́n máa ná lórí agbábọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ tó bá ti kọjá a kò lè gba olówó ńlá kó fi olówó kékeré sílẹ̀. Owó tó ń jáde àti èyí tó ń wọlé gbọ́dọ̀ súnmọ́ ara wọn. Ẹ padà wo ti Luka àti Davis: ní sáà náà, owó àwọn méjèèjì lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 43 dọ́là, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òfin ọdún 2023 tún le sí i: ẹgbẹ́ tí ìnáwó rẹ̀ bá ti ga kọjá ààlà kejì tí NBA fi lélẹ̀ lókè iye yẹn kò lè so owó agbábọ́ọ̀lù méjì pọ̀ láti fi gba ẹyọ kan. Bí àhesọ kan bá ní ẹgbẹ́ olówó gọbọi fẹ́ kó ọmọdé mẹ́ta láti fi gba ìràwọ̀ kan, ẹ wo owó oṣù wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Àwọn ọmọ tí wọ́n ń yàn ńkọ́? Ọdún 1998, Michael Olowokandi, tí wọ́n bí ní Èkó tó sì dàgbà ní London, ni Los Angeles Clippers fi ṣe ipò kìíní. Gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méje, ó lágbára, bẹ́ẹ̀ kò pẹ́ rárá tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù yìí. Ó gbá a ní NBA títí di 2007, àmọ́ kò dé ibi tí wọ́n fojú sí. Dirk Nowitzki tí wọ́n mú ní ipò kẹsàn-án àti Paul Pierce tó tẹ̀ lé e ló di àgbà ọ̀jẹ̀. Ní 2013, Victor Ọládípọ̀ wà ní ipò kejì. Ẹgbẹ́ 14 ló yan ẹlòmíràn kí Milwaukee Bucks tó mú ọmọ ọdún 18 kan tó ń gbá ní ìpele kejì ilẹ̀ Gíríìsì, tí wọ́n kọ orúkọ Adétòkunbọ̀ rẹ̀ ní Antetokounmpo. Giannis di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní 2019 àti 2020, ó sì gba àmì ayò 50 lọ́jọ́ tí Milwaukee gba ife ní 2021.

Gíga ni gbogbo ojú kọ́kọ́ ń rí. Èmi, ẹsẹ̀ ni mo máa ń wò. Hakeem ti gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù ọwọ́ l'Ékòó kó tó di ọmọ ọdún 15 tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti kó bó ṣe ń yí ẹsẹ̀ wá, tí àwọn géńdé fi ń ṣubú níwájú rẹ̀. Mo tún máa ń wo ohun tí ọmọ ń ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì tó bá ti jù ú tí kò wọlé. Àwọn kan á wojú mi. Àwọn kan á ti sáré padà lọ ṣọ́ ilé.

Mo ń kọ gbogbo èyí nítorí bàbá kan tó wá bá mi ní pápá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 16, wà lára àwọn tí mo ń kọ́. Ó mú bébà kan dání, tí wọ́n tẹ orúkọ ọmọ náà sí láàárín àwọn tí ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà "ń wò fún draft". Ọkùnrin tó fún un ní bébà náà ní òun ni aṣojú, ó sì ń béèrè owó ìwé. Bàbá náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa ra mọ́tò rẹ̀.

Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, ta ló sọ ọ́, kí ló sì fẹ́ gbà?" Mo ṣàlàyé pé ọmọ tí kò bá ní pé ọdún 19 lọ́dún náà kò lè wọ draft rárá, àti pé òbí kankan kì í sanwó kí wọ́n tó fi orúkọ ọmọ síbẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù NBA, tí wọ́n ń pè ní NBPA, ló ń fún àwọn aṣojú ní ìwé àṣẹ, orúkọ wọn sì wà lórí ìkànnì wọn. A jọ wò ó lórí fóònù mi níbẹ̀. A yí i sókè, a yí i sísàlẹ̀. Orúkọ ọkùnrin náà ò sí níbẹ̀.

Bàbá náà ká bébà rẹ̀ ní mẹ́rin, ó kì í bọ àpò. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo ọmọ rẹ̀ tó ń ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀ tí kò ní àwọ̀n. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé aago mélòó ni a máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

"Aago méje àárọ̀, sà," mo ní. "Kó gbé omi tirẹ̀ dání."