Àńkóò Ọdún: Bí Aṣọ Kan Ṣe Ń Dé Ọrùn Ọmọ Márùn-ún

Láàárọ̀ ọjọ́ Iléyá, ẹni tó bá dúró sẹ́bàá ọ̀nà Yídì ní Ìbàdàn tàbí ní Ìwó á máa ka ilé kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń kọjá, bí kò tilẹ̀ mọ ẹnì kankan nínú wọn. Ọmọ mẹ́rin kọjá nínú ànkárá búlúù olódòdó funfun: ilé kan ni wọ́n ti wá. Mẹ́fà tẹ̀ lé wọn nínú àdìrẹ: baba wọn kò ju ẹyọ kan lọ, ìyá wọn lè jẹ́ méjì. Bó bá di Kérésìmesì, ohun kan náà ni ojú á tún rí lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì. Àńkóò ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fà yọ lára "and Co." tí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó máa ń kọ sẹ́yìn orúkọ wọn.

Kò sí ẹsẹ kan nínú Kùránì tàbí nínú Bíbélì tó ní kí àwọn ọmọ ilé kan wọ aṣọ kan náà. Ẹ̀sìn mú ọjọ́ wá, ó kó èrò jọ sójú kan, ó sì fi ẹ̀rù ojúsàájú sọ́kàn òbí. Iṣẹ́ tó kù, ọwọ́ oníṣòwò aṣọ àti ọwọ́ télọ̀ ló wà.

Nínú sunna, ìyẹn ìlànà Ànábì, Mùsùlùmí tó ń lọ kírun ọdún á wẹ̀, á sì wọ èyí tó dára jù nínú aṣọ rẹ̀. Hádíìsì kan wà nínú àkójọ Bùhárí pé Úmárù, ọmọlẹ́yìn Ànábì, rí ẹ̀wù sílíkì kan lọ́jà, ó mú un tọ Ànábì lọ pé kó rà á, kó máa fi ṣe ọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ ọdún àti nígbà tí àlejò bá dé. Ànábì kọ̀ ọ́ nítorí pé sílíkì ni. Kò sọ pé ọ̀ṣọ́ ọdún burú. "Tó dára jù" sì ni ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe "tuntun". Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ló lè ṣí àpótí kó mú aṣọ tó dára jù níbẹ̀. Ọmọ ọdún méje kò ní irú àpótí bẹ́ẹ̀. Bùbá tó wọ̀ lọ́dún tó kọjá kò dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ṣòkòtò rẹ̀ sì ti fò kọjá kókósẹ̀. Fún ọmọdé, dáradára àti tuntun ti di ọ̀kan.

Hánà inú Bíbélì náà mọ èyí. Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní, orí kejì, sọ pé ọdọọdún ló máa ń dá ẹ̀wù kékeré fún Sámúẹ́lì, á mú un lọ fún un nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ bá ń gòkè lọ rú ẹbọ ọdún. Ọjọ́ ìjọsìn àti ẹ̀wù ọmọ tó ń dàgbà ti pẹ́ tí wọ́n ti ń rìn pọ̀.

Oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n fi ń ka ọdún Mùsùlùmí, nítorí náà ó máa ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá kúrú ju ti kàlẹ́ńdà ara ògiri lọ. Iléyá bọ́ sí ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ní 2023, ọjọ́ 16 ní 2024, ọjọ́ 6 ní 2025. Láàárín Ìtunu Ààwẹ̀ àti Iléyá sì rèé, kò ju nǹkan bí àádọ́rin ọjọ́ lọ. Ilé tó lọ́mọ márùn-ún, tó tún ń wá owó àgbò, ṣòro kó rán aṣọ tuntun fún ọdún méjèèjì. Ọ̀kan ni ọ̀pọ̀ wọn ń rán. Nílẹ̀ Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n ti lè máa lọ sí mọ́ṣáláṣí kí àbúrò máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ Iléyá yẹn náà ni yóò jáde ní Kérésìmesì nígbà tí wọ́n bá lọ jẹ ìrẹsì nílé àǹtí wọn. Aṣọ kan tí yóò ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó máa fi ọwọ́ yẹpẹrẹ rà á.

Ọjà wá ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀. Yáàdì mẹ́fà ni odidi ànkárá, yáàdì mẹ́ta ni ààbọ̀ rẹ̀. Léèsì sábà máa ń jẹ́ yáàdì márùn-ún. Yáàdì kan jẹ́ ínṣì 36 ní gígùn, ìbú ànkárá sì tó bí ínṣì 45. Oníṣòwò ní Gbágí tàbí ní Balógun kò fẹ́ gé aṣọ wẹ́wẹ́, torí yáàdì kan àbọ̀ tó bá kù sílẹ̀ fún un lè ṣe oṣù mẹ́fà kó tó rí ẹni rà á. Ìyá tó bá ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú èyí tó wù ú, ààbọ̀ ni yóò ra fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó kéré tán. Ọmọ márùn-ún, yáàdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọmọ ọdún mẹ́ta kò gbà ju yáàdì kan lọ, ọmọ ọdún márùn-ún àti ọmọ ọdún méje lè gba yáàdì kan àbọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án gba méjì, ọmọ ọdún méjìlá gba méjì àbọ̀. Ẹ rò ó pọ̀: mẹ́jọ àbọ̀ ni. Odidi kan àti ààbọ̀ kan, yáàdì mẹ́sàn-án, á ká gbogbo wọn, á sì tún ku ti fìlà.

Ṣùgbọ́n aṣọ kan ṣoṣo ló lè fúnni ní irú èrè bẹ́ẹ̀, orí tábìlì télọ̀ ló sì ti ń hàn. Télọ̀ tó mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ gé ti àbíkẹ́yìn. Á tẹ́ aṣọ, á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà ti àkọ́bí, torí pé òun ló gba àyè jù. Lẹ́yìn náà ni yóò máa wá àyè tó ṣẹ́ kù lábẹ́ abíyá àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, tí yóò máa fi àwọn kékeré sínú ihò tí àgbà fi sílẹ̀. Apá bùbá ọmọ ọdún mẹ́ta lè jáde lára ohun tí ì bá di àkísà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èyí tó bá tún kù lẹ́yìn ìyẹn á di fìlà, á di ìborí, á di àpò kékeré tí ọmọbìnrin ń kó owó ọdún sí. Ọmọkùnrin gba bùbá àti ṣòkòtò, ọmọbìnrin gba gáùn tàbí ìró. Bí wọ́n ṣe rán an lè yàtọ̀ pátápátá, òdòdó ara aṣọ ló so wọ́n pọ̀.

Òdòdó yẹn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹyẹ ló wà lára aṣọ, tí gbogbo wọn na ọrùn sókè, télọ̀ kò lè yí aṣọ po bó ṣe wù ú, kí ẹyẹ má bàa dorí kodò láyà ọmọ ẹlòmíràn. Aṣọ máa ń ṣòfò níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ìyá tó ti rán àńkóò rí kì í wo ẹyẹ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jà. Aṣọ tí apá òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ ló ń wá.

Wọ́n sì gbọ́dọ̀ rà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Aṣọ tí wọ́n rẹ lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ máa ń fi díẹ̀ yàtọ̀ ní àwọ̀, bí iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ti àdìrẹ ló tún le jù. Ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, aláró lè fi èyí tó wù ọ́ hàn ọ́, ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n rì sínú aró lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò lè dúdú tó èyí tí wọ́n rì lẹ́ẹ̀mẹ́fà, aró ọ̀la sì lè má gbé bí aró òní. Ọmọ tí wọ́n bá gbàgbé nínú ìṣirò, aṣọ rẹ̀ á ṣì jọ ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n á dà bíi pé wọ́n ti fọ̀ ọ́ fún ọdún méjì.

Síbẹ̀, owó nìkan kọ́ ni. Àwọn àfáà máa ń sọ ìtàn Nùmáànù ọmọ Báṣírù, tó wà nínú àkójọ hádíìsì Bùhárí àti ti Múslímù. Baba rẹ̀ fún un lẹ́bùn kan, ìyá rẹ̀ sì ní òun kò gbà á àfi kí Ànábì jẹ́ ẹlẹ́rìí sí i. Nígbà tí baba dé ọ̀dọ̀ Ànábì, ìbéèrè ló bá pàdé: ṣé gbogbo ọmọ rẹ lo fún ní irú rẹ̀? Ó ní rárá. Ànábì ní kí wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́run, kí wọ́n ṣe déédéé láàárín àwọn ọmọ wọn. Baba sì gba ẹ̀bùn náà padà. Àwọn Kristẹni ní tiwọn kò ní láti lọ jìnnà. Gẹ́nẹ́sísì orí 37: Jákọ́bù dá ẹ̀wù aláràbarà fún Jósẹ́fù nìkan, ó sì parí sínú kòtò. Ká ní méjìlá ni bàbá náà rán, bóyá ìtàn ì bá gba ibòmíràn.

Kí ló dé tó jẹ́ aṣọ ni ọ̀rọ̀ déédéé yìí ń rọ̀ mọ́? Nítorí pé ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹran inú abọ́, ọmọ á jẹ ẹ́ tán, á gbàgbé. Aṣọ á wà lára ògiri yàrá títí di ọdún tó ń bọ̀, ọmọ á sì máa wò ó pé ti ẹ̀gbọ́n mi wọ́n ju tèmi lọ. Aṣọ kan náà ti pa ìbéèrè "èló ni tèmi?" kó tó dé ẹnu.

Nílé olórogún, bàbá á ra aṣọ, á kó o fún ìyáálé, ìyáálé á pín in fún gbogbo ọmọ. Lójú àlejò, agboolé ti di ọ̀kan. Ṣé ìdíje wá kú? Kò kú rárá, ó kàn sún síwájú ni. Ọjọ́ kìíní ọdún jẹ́ ti aṣọ baba. Ọjọ́ kejì jẹ́ ti aṣọ tí ìyá kọ̀ọ̀kan fi owó ọjà rẹ̀ rà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tí ọjà ń tà fún nínú wọn, kó wá lọ́jọ́ kejì.

Iṣẹ́ mìíràn tún wà tí àńkóò ń ṣe láàárín èrò. Èrò Yídì pọ̀, sunna sì tún ni kéèyàn gba ọ̀nà kan lọ, kó gba òmíràn bọ̀, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ dán ọmọ wò bóyá á sọnù. Ìyá tí kò rí ọmọ rẹ̀ kò ní máa ṣàlàyé ojú àti imú. Á na ẹ̀gbọ́n síwájú: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọmọ tó wọ irú eléyìí." Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi Ìkórè, wọ́n á pe ìdílé lórúkọ kí wọ́n jó lọ síwájú pẹpẹ. Ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò á dà tẹ̀ lé wọn, aṣọ ni yóò sọ ibi tí ìdílé parí sí àti ibi tí èrò ti bẹ̀rẹ̀.

Kò yẹ ká da èyí pọ̀ mọ́ aṣọ funfun àwọn ọmọ aládùúrà. Nínú Kérúbù àti Séráfù, tí Mósè Orímọ́ládé àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá sílẹ̀ ní 1925, àti nínú ìjọ Sẹ̀lẹ́, tí Oshoffa bẹ̀rẹ̀ ní Pọ́tò-Nófò ní 1947, ìjọ ló yan aṣọ, kì í ṣe ìyá. Ọmọ olówó àti ọmọ tálákà ló jọ wọ sùtánà, nítorí náà sùtánà kò lè sọ ọmọ ẹni tí ọmọ ń ṣe. Òdìkejì àńkóò gan-an nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ọmọ ilé kéú lọ́jọ́ wòlímọ̀: ẹgbẹ́ tó parí Kùránì pọ̀ ni aṣọ wọn ń tọ́ka sí.

Ojú Yorùbá sì ti mọ ọmọ méjì nínú aṣọ kan tipẹ́, láti ara ìbejì. Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan bá kú, wọ́n á gbẹ́ ère rẹ̀, ohun tí wọ́n bá sì rà fún èyí tó wà láàyè, wọ́n á rà fún ère pẹ̀lú, kí èyí tó lọ má bàa wá pe ìkejì rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ gbẹ́ tírà àwọn Mùsùlùmí sí ọrùn àwọn ère kan. Ní Brazil, níbi tí ìbejì ti bá Kọ́símù àti Dàmíánù mímọ́, àwọn ìbejì ìjọ Àgùdà, pàdé, aṣọ kan náà ló wà lára ère àwọn méjèèjì, ọmọ kékeré kẹta sì máa ń wà láàárín wọn nínú irú aṣọ yẹn. Doum ni wọ́n ń pè é, orúkọ tó jọ Ìdòwú púpọ̀.

Ẹnì kan wà tí àńkóò kì í ṣe lóore, àbíkẹ́yìn ni. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àbíkẹ́yìn ilé aláńkóò ti já ìyẹn ní koro. Lọ́dún kìíní, ó wọ búlúù olódòdó funfun tirẹ̀. Lọ́dún kẹta, ti ẹ̀gbọ́n tó tẹ̀ lé e bọ́ sí i lọ́wọ́. Lọ́dún karùn-ún, ti ẹ̀gbọ́n ìyẹn. Aṣọ mẹ́ta, òdòdó kan. Àwọn aládùúgbò á rò pé ọ̀kan ṣoṣo ló ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, tó sì ń bá a dàgbà.

Àkọ́bí ló máa ń tú u ká. Nígbà tó bá tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá, á gba aṣọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, á gba ẹ̀yìn lọ bá télọ̀ pé kó má rán tòun bíi tàwọn ọmọ kéékèèké. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ti yan tiwọn. Kò tíì bọ́ nínú àńkóò, ó kàn pààrọ̀ ẹni tó ń yan aṣọ ni: ní Ìjẹ̀bú Òde, lọ́jọ́ Ojúde Ọba tó máa ń tẹ̀ lé Iléyá, àwọn tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ṣì ń wọ aṣọ kan náà lọ kí Awùjalẹ̀ ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́. Nílé, ìyá rẹ̀ ti tún ìṣirò ṣe. Ọmọ mẹ́rin ló kù tó ń rán aṣọ fún.