Báwo ni omi Loch Katrine ṣe ń dé Glasgow láìsí ẹ̀rọ tó ń fà á?

Ìbéèrè: Wọ́n ní láti ọdún 1859 ni omi ti ń ti adágún Loch Katrine, láàárín àwọn òkè Skọ́tlándì, wá sí ìlú Glasgow, láìsí ẹ̀rọ kankan tó ń fà á. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Adágún náà ga ju ìlú lọ, ìsàlẹ̀ lomi sì máa ń wá. Ibi tí iṣẹ́ wà ni pé ọ̀nà omi ọ̀hún ò gbọdọ̀ ga ju adágún náà lọ níbì kankan. Ẹnjiníà John Frederic Bateman mú kó máa fi íǹṣì 10 péré rẹlẹ̀ ní máìlì kan. Ẹ la ọwọ́ yín dáadáa, láti orí àtàǹpàkò dé orí ọmọńdinrín: ìwọ̀n yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó íǹṣì 10. Ẹ wá rin máìlì kan, kí ilẹ̀ má rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ! Máìlì 26 lomi yìí ń rìn kó tó dé adágún Mugdock tí wọ́n gbẹ́ sítòsí ìlú. Àfonífojì nìkan ni wọ́n ti gbé e gba inú páìpù onírin.

Inú òkè ni apá tó pọ̀ nínú ọ̀nà náà gbà. Ẹ̀tù ni wọ́n fi ń fọ́ àpáta, tọ̀sán-tòru, síbẹ̀ àwọn ibì kan wà tí wọn kì í gbẹ́ ju yáàdì mẹ́ta lọ lóṣù.

Ìbéèrè: Ṣebí odò Clyde la àárín ìlú kọjá. Kí ni wọ́n ń wá lọ sọ́nà jíjìn?

Ìdáhùn: Clyde ti dọ̀tí nígbà yẹn. Nígbà tí onígbáméjì jà ní 1848 sí 1849, ó pa nǹkan bí ẹgbàajì èèyàn ní Glasgow. Ó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ pa iye yẹn ní 1853 sí 1854. Nígbà tó padà wá ní 1866, tí omi Katrine ti ń ṣàn, èèyàn 53 ló kú. Orí mi máa ń wú bí mo bá ti rántí iye yẹn.

Ìbéèrè: Ṣé gbogbo èèyàn ló fara mọ́ ọn?

Ìdáhùn: Rárá o. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Bìrìtéènì kò kọ́kọ́ gbà. 1855 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i. Omi náà kì í pẹ́ hó ọṣẹ, inú àwọn alágbàfọ̀ dùn sí i, ṣùgbọ́n irú omi bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ òjé, irin tó ní májèlé, òjé sì ni páìpù inú ilé nígbà yẹn. Àwọn kan pariwo èyí lójú ìgbìmọ̀, ṣùgbọ́n níkẹyìn, ìgbìmọ̀ ò kà á sí. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èròjà sínú omi náà kó má bàa máa jẹ òjé mọ́.